Kò Sẹ́ni Tó Ń Wúkọ́ Nílé Búrẹ́dì

Ilé,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ṣé òtútù ibẹ̀ ò pa ọ́? Ṣé o ń jẹun, àbí ìwé nìkan lò ń jẹ? Èmi wà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ti òsì ń gbé e rìn.

Ìwé rẹ dé. Èmi fúnra mi ni mo kà á, mi ò gbé e fún ọmọ ẹnì kankan. Kíláàsì kejì tí mo kà ò tíì tán lójú mi. Ibi tó bá ṣòro, mo máa fi í sílẹ̀, mo máa gbálẹ̀, mo máa fọ abọ́, mo máa tún padà sí i. Nígbà tó yá, ó yé mi. Ó yé mi ju bí o ṣe fẹ́ kó yé mi lọ.

O ní owó tí ilé ìwé ń fún ọ ti ń tán lọ. O ní àjọ kan wà tó ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ńlá lówó láti fi ṣe ìwádìí, pé kí wọ́n tó fún èèyàn, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ kọ ìwé àbá, kó sọ ohun tó fẹ́ wádìí, ìdí tó fi fẹ́ wádìí ẹ̀, àti àwọn tó máa ṣe láǹfààní. Mo gbọ́. O wá wo gbogbo ayé tó fẹ̀ báyìí, o ò rí nǹkan kan wádìí àfi ilé búrẹ́dì tí mo ti ń ṣiṣẹ́. O fẹ́ wádìí bí ìyẹ̀fun ṣe ń ba àyà àwa obìnrin tó ń jọ̀ ọ́ jẹ́. O ní kí èmi tí mo jẹ́ olórí wọn kọ̀wé, kí n ní lóòótọ́ ni, a ń wúkọ́, ẹ wá wò wá.

Ìwọ ọmọ tí mo bí, ta ló sọ fún ọ pé a ń ṣàìsàn? Nígbà wo lo rí mi lórí ibùsùn?

Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Irú iṣẹ́ wo ni èèyàn ń gba owó ẹ̀ kó tó ṣe é? Lọ́dọ̀ tiwa, a máa po ìyẹ̀fun, a máa yan búrẹ́dì, kí oníbàárà tó tọwọ́ bàpò. Tìrẹ, o ò tíì po nǹkan kan, o ti ń na abọ́ síta. Ìtọrọ nìyẹn. Ẹbí baba rẹ lè mọ̀ ọ́n ṣe. Tèmi ò mọ̀ ọ́n.

Mo sọ fún Aláwàdà. O mọ̀ ọ́n, òun ló máa ń pọ̀n ọ́ nígbà tí ọwọ́ mi bá wà nínú ìyẹ̀fun. Mo ní, "Ọmọ rẹ fẹ́ kọ̀wé sáwọn olówó pé o ń wúkọ́." Ó ní, "Kó má gbàgbé láti sọ pé mo tún ń hanrun." Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, ó di ògiri mú kó tó lè dúró. Òtútù ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn tutù púpọ̀.

Wá nǹkan mìíràn wádìí. O ti sọ fún mi rí pé ẹja pọ̀ nínú òkun ibẹ̀. Wádìí ẹja. Ẹja ò ní ìyá tó máa tì lójú.

Má pè mí lórí fóònù nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ilé ló máa ń gbọ́, ẹ̀rọ náà kì í sì í jẹ́ kí n bínú tán kó tó já. Fi àwòrán rẹ ránṣẹ́, èyí tí o dúró, kì í ṣe èyí tó jẹ́ orí nìkan.

Èmi ìyá rẹ ni.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Màámi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹsẹ̀ yẹn gbé àpò ìyẹ̀fun.

Ìwé yín dùn mí, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín. Èmi àti ẹja ò mọ ara wa rí.

Màámi, ìtọrọ kọ́. Gbogbo ẹni tó wà nírú ipò tí mo wà ló ń kọ ìwé àbá. Ìgbà kẹfà rèé tí mò ń tún tèmi kọ. Olùkọ́ mi á fi gègé pupa fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí mo kọ, á kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Mo kọ ọ́ pé ìyẹ̀fun ń ṣe àwọn obìnrin ní jàǹbá. Báwo lo ṣe mọ̀? Mo kọ ọ́ pé àwọn obìnrin náà fẹ́ kí wọ́n ṣàyẹ̀wò àwọn. Ta ló sọ fún ọ? Àwọn tó máa kà á ò mọ̀ mí, wọn ò sì mọ̀ yín. Wọn ò ní gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ àfi tí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an. Ìdí tí mo fi ń wá ìwé yín nìyẹn.

Ẹ ní ta ló sọ fún mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn ni mo ti máa ń dìde lọ ṣí i. Ikọ́ yín ni mo máa ń gbọ́ láti ìsàlẹ̀ òpópó. Mo rò pé gbogbo ìyá ló ń wúkọ́. Ọjọ́ tí mo lọ sílé ọ̀rẹ́ mi, tí ìyá rẹ̀ wọlé tí mi ò gbọ́ pé ó ń bọ̀, ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe wá.

Tí wọn ò bá gba ìwé àbá yìí, ilé ìwé ò ní lè gbà mí mọ́ tí ọdún ẹ̀kọ́ bá parí, ìwé ìgbélùú mi sì so mọ́ ilé ìwé. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà le dé nìyẹn. Ẹ kàn kọ òótọ́ nípa ikọ́ náà, kí àwọn obìnrin tẹ̀ka sí i pé àwọn gbà. Àdírẹ́sì àjọ náà wà lẹ́yìn ìwé yìí, kí ẹ lè kọ ọ́ sókè tiyín, ṣùgbọ́n èmi ni kí ẹ fi í ránṣẹ́ sí. Wọn ò ní gba nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn oṣù kẹrin.

Màámi, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ yín.


Ilé,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹrin

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ. Fọkàn balẹ̀. Mo ti kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn tí o sọ yẹn, kò yẹ kí n fèsì, ṣùgbọ́n màá fèsì. Ikọ́ tí ò ń gbọ́ yẹn, mo fi ń ta ọ́ lólobó ni pé mo ti dé, kí o lè tètè gbé ohun tí ò yẹ lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀. O mọ ara rẹ.

Àmọ́ o ní ilé ìwé máa lé ọ. Ìyẹn ni mo gbọ́. Mo jókòó, mo rò ó. Mo ní, ta ni àwọn èèyàn yìí? Olówó ni wọ́n. Bí olówó bá gbọ́ pé ìyá ọmọ kan ń wúkọ́, pé ilé tó ti wá ò lágbára, ojú wo ni wọ́n máa fi wò ó? Wọ́n á ní kí wọ́n fún un ní èyí tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ abọ́. Tí mo bá ń ta búrẹ́dì, ṣé mo máa fa oníbàárà lọ́wọ́ pé kó wá wo ibi tó ti bu?

Ni mo bá gbé ọ ga. Ohun tí mo kọ rèé, ó ṣì wà lórí mi:

"Ẹ̀yin àgbààgbà, mo kí yín. Èmi ni ìyá ọmọ yìí, èmi sì ni olórí àwọn obìnrin ilé búrẹ́dì. Ara wa le. Kò sẹ́ni tó ń wúkọ́ níbí. Ẹ má fún ọmọ mi lówó nítorí àánú, kì í ṣe ọmọ aláìní. Ẹ fún un nítorí pé ọpọlọ rẹ̀ pé, láti kékeré ló ti ń gba ipò kìn-ín-ní. Ẹ ṣeun."

Mo pe àwọn obìnrin jọ ní ìdí ààrò, mo kà á fún wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Aláwàdà nìkan ló ní, "Ṣé ohun tí ọmọ yẹn ní ká sọ rèé?" Mo ní kó tẹ̀ka kó dákẹ́. Ó tẹ̀ka.

Ọ̀gá tó ni ilé búrẹ́dì gbọ́, ó ní kí òun rí i. Nígbà tó kà á tán, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Gbogbo ọdún tí mo ti lò lọ́dọ̀ rẹ̀, kò bọ̀ mí lọ́wọ́ rí. Òun ló rán ọmọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ sílé ìfìwéránṣẹ́. Mi ò fi gba ọ̀dọ̀ rẹ, torí mo mọ̀ ọ́, wàá fi gègé pupa fàlà sí i. Tààrà sọ́dọ̀ àjọ náà ni mo fi ránṣẹ́. Tí wọ́n bá ti fún ọ, kọ̀wé sí mi kí n lè sọ fún wọn níbi iṣẹ́.

Èmi ìyá rẹ, tí kì í tọrọ.


Ilé,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù keje

Sí ọmọ tí kò mọ̀wé kọ mọ́,

Mo kí ọ, tí ìkíni bá ṣì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mo kọ̀wé, o ò fèsì. Mo tún kọ, o ò fèsì. Afìwéránṣẹ́ ti mọ̀ mí. Tó bá ti rí mi lẹ́nu ọ̀nà báyìí, á ti na ọwọ́ méjèèjì sókè pé òun ò ní nǹkan kan fún mi. Lánàá mo ní, "Ta ló bi ọ́?"

Ṣé wọ́n ti fún ọ lówó lo fi gbàgbé wa ni? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwé tèmi ló gbà á fún ọ. Kí o rántí.

Aláwàdà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àyà ló ń dùn ún, òtútù yẹn ni kò tán lára rẹ̀. Ọ̀gá ní kó lọ sinmi, ó sì ti fi ẹlòmíràn síbi ajọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ó ń béèrè rẹ. Mo ní o ti di èèyàn ńlá, o ò ráyè.

Ìyá rẹ, tó bá ṣì jẹ́ bẹ́ẹ̀.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹsàn-án

Màámi,

Mo kí yín. Ẹ má bínú pé ó pẹ́. Mò ń kọ ọ́, mò ń fà á ya.

Wọn ò gbà á. Wọ́n ní ìwádìí náà wúlò, wọ́n ní ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà ṣe é yé àwọn, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tí mo ní mo fẹ́ ṣe é fún ti kọ̀wé fúnra wọn pé kò sí nǹkan kan tó ń ṣe wọ́n. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yín sínú èsì náà bó ṣe wà. Kò sẹ́ni tó ń wúkọ́ níbí. Wọ́n gbà yín gbọ́, Màámi. Wọ́n gbà yín gbọ́ ju bí wọ́n ṣe gbà mí gbọ́ lọ.

Olùkọ́ mi pè mí sínú yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kò pariwo, ìyẹn ló burú jù. Ó bi mí bóyá mo ti dé ilé búrẹ́dì náà rí. Mo ní ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi. Ó wo ìwé yín, ó wò mí.

Mi ò sí nílé ìwé mọ́. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn wọn, mò ń gé èékánná wọn. Ìwé ìgbélùú tí mo ní báyìí, iṣẹ́ yìí ló so mọ́, nítorí náà mi ò lè fi í sílẹ̀ wá sílé. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó máa ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè mí. Mo máa ń dá a lóhùn.

Olùkọ́ mi ti gbé ìwé àbá náà fún akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Ọmọbìnrin tó gbọ́n ni, mi ò dì í sínú. Ó máa tún un kọ, ó sì máa béèrè ìwé tuntun lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Mo sọ fún un pé kó má kọ tirẹ̀ sí yín.

Ẹ bá mi kí Aláwàdà. Ẹ má sọ fún un pé mo ti di èèyàn ńlá.

Ọmọ yín.


Ilé,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹwàá

Ìwọ ọmọ yìí,

Mo kí ọ, nítorí pé èèyàn ń kí èèyàn.

Ò ń wẹ ìyá ẹlòmíràn, o wá ń fi ìwé gbá ìyá tìrẹ létí. O ní kí n kọ̀wé, mo kọ̀wé. O ní kí wọ́n tẹ̀ka, wọ́n tẹ̀ka. Àwọn èèyàn tó kàwé tó bẹ́ẹ̀, tí wọn ò mọ̀ pé ìyá kan ń fi ọmọ rẹ̀ yangàn ni, àwọn ló yẹ kí o bínú sí. Kò sí aláìmọ̀wé nínú ayé yìí tó máa gbọ́ irú ìwé yẹn tí kò ní yé e.

O sì ní kí ọmọbìnrin yẹn má kọ̀wé sí mi. Olórí wọn ni mí. Wọ́n á wá gba ẹ̀yìn mi.

Wọ́n ti gbà á. Mo lọ sílé Aláwàdà. Orí ibùsùn ló jókòó sí, ó kó ìrọ̀rí sẹ́yìn torí kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́. Mo bá ìwé lórí itan rẹ̀, íǹkì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Olórí, o dé. A ń tẹ̀ka."

Mo ní, "Ta ni 'a'?"

Ó ní, "Gbogbo wa. Àárọ̀ ni wọ́n ti ń wá. Ọmọ kan kọ̀wé láti ilé ìwé ọmọ rẹ, ó ní ṣé a ń wúkọ́."

Mo ní, "Kí lẹ sọ fún un?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí èémí tó máa fi rín in. Ó ní, "Gbọ́ mi ná."

Mo ní, "Ẹ̀yin kan náà lẹ tẹ̀ka sí tèmi níjọ́sí!"

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, o dúró lé wa lórí bí ọlọ́pàá. Ta ló máa kọ̀ fún ọ?" Ó na íǹkì sí mi. "Wá, tẹ tìrẹ. Àyè rẹ wà lókè, a ò jẹ́ kẹ́nì kankan fọwọ́ kàn án."

Mi ò tẹ̀ka. Mo ní mi ò ní ikọ́, mo sì jáde. Mo gbé e mì títí mo fi dé ẹ̀yìn ilé wọn kó tó bọ́ lẹ́nu mi. Ìyẹn ò kàn ọ́.

Má kọ̀wé sí mi mọ́, àfi tí o bá fẹ́ tọrọ àforíjì.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejì

Màámi,

Mo kí yín. Ẹ kú ọdún tuntun tó ti gbó.

Ẹ foríjì mí. Mi ò mọ èyí tí mo ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, ẹ sì ní kí n sọ ọ́.

Wọ́n ti gba ìwé àbá náà. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn máa dé ọ̀dọ̀ yín lẹ́yìn oṣù kẹrin. Ó fi ìwé náà hàn mí. Púpọ̀ nínú rẹ̀, bí mo ṣe kọ ọ́ ló ṣì wà. Orúkọ mi wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, èmi àti ẹni tó bá wọn tẹ ìwé náà.

Ohun kan ni mo fẹ́. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ náà yẹ àyà yín wò. Tí ẹ ò bá lè ṣe é nítorí mi, ẹ má ṣe é nítorí mi. Ẹ ṣáà ṣe é.

Ọmọ yín.


Ilé,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo gba àforíjì tí o tọrọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu lásán lo fi tọrọ ẹ̀.

Aláwàdà ò dúró de ọmọbìnrin yẹn. A sin ín kó tó dé. Mo mọ̀ pé mi ò tíì sọ fún ọ. Mo mú gègé lọ́jọ́ náà, mi ò rí nǹkan kọ. Ọ̀gá fi búrẹ́dì ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà dé. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà, mi ò lè pa irọ́ mọ́ ọn. Ó kó wa jọ síwájú ilé búrẹ́dì, torí ọ̀gá ò jẹ́ kó wọlé. Ó ní ohun èlò oníke kan, èèyàn máa fi ẹnu sí i, á fi gbogbo agbára fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀. Àmì pupa kan wà lára rẹ̀ tó máa ń sáré lọ síwájú. Ibi tó bá dúró sí, nọ́ńbà wà níbẹ̀.

Mo ní mi ò fẹ́. Gbogbo wọn fẹ́ ẹ tán, wọ́n ń wò mí. Mo wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n má baà ní ẹ̀rù ló ń bà mí.

Mo fẹ́ ẹ. Ó ní kí n tún un fẹ́. Mo tún un fẹ́. Ó gbọ̀n ọ́n wò, ó mú òmíràn jáde nínú àpò, mo tún fẹ́ ìyẹn. Ibì kan náà ni àmì náà ń dúró sí. O mọ̀ pé mo mọ nọ́ńbà kà. Mo wo tiwọn, mo wo tèmi. Tèmi ló kéré jù nínú gbogbo wa. Mo bá yíjú sí wọn, mo ní, "Ẹ rí i? Àìsàn tèmi ló kéré jù. Ṣebí mo ti sọ fún yín."

Mo rò pé wọ́n máa rẹ́rìn-ín tàbí kí wọ́n bú mi. Ọ̀kan nínú wọn kàn fà mí lọ́wọ́ pé kí n jókòó. Ọmọ náà dorí kodò, ó ń kọ nǹkan, kò sì wò mí lójú mọ́.

Nígbà tó ń lọ, mo tẹ̀lé e dé ìdí ọkọ̀. Mo ní, "Èyí tó kéré yẹn, ṣé òun ló dáa?" Ó ní òun kì í ṣe dókítà, pé ìwé máa ti ọ̀dọ̀ ọ̀gá òun wá nígbà tí wọ́n bá ṣe gbogbo rẹ̀ tán. Mo ní nígbà wo? Ó di ọwọ́ mi mú. Mi ò ní kó dì í mú.

Àwọn obìnrin ti ń gbé àpò ìyẹ̀fun fún mi báyìí kí n tó dé ìdí rẹ̀. Mò ń bú wọn, wọ́n ṣáà ń gbé e lọ. Wọn kì í ṣe báyìí sí mi tẹ́lẹ̀.

Mo kọ nọ́ńbà náà sẹ́yìn ìwé yìí, tèmi àti tiwọn. Ìwọ lo kọ́kọ́ kọ ìwé àbá yẹn, kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀ tí o ò mọ̀. Sọ bó ṣe rí fún mi. Má fi adùn sí i, má sì fi ìbínú sí i. Mi ò mọ ọ̀gá tó máa kọ̀wé yẹn, mi ò mọ dókítà kankan. Ìwọ ni mo mọ̀.

Ìyá rẹ.